Ta Ni Ó Lu Àgídìgbo Náà?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ kì í lò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ láyé kí ó tó ní orúkọ. Bàbá á sọ tirẹ̀, ìyá á sọ tirẹ̀, àwọn òbí àgbà á sì sọ owó sínú omi kí wọ́n tó dá tiwọn lé e. Ajá ọdẹ pàápàá ní orúkọ, orúkọ náà a sì máa jẹ́ òwe tí olówó rẹ̀ fi ń bá aládùúgbò wí. Ó wá ń yà mí lẹ́nu pé àwa tí a mọ orúkọ í sọ tó báyìí ni a ní ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ kan tí a gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún láàárín wa, láìsí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn síbì kankan. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn tí ó ń jókòó ti olórin: onílù, alágídìgbo, onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti elégbè. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ bá òǹkàwé mi sọ, n kò sì ní fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Ọkùnrin tí ó tì mí sínú àròyé yìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, William Waterhouse ni orúkọ rẹ̀. Ìlú London ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1931, ó sì di olóògbé ní ọdún 2007. Fèrè bàsúùnù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí bàsúùnù rí, kí ó fi ojú inú wo ọ̀pá igi gbọọrọ tí a dá lu láti òkè dé ilẹ̀, tí ihò inú rẹ̀ gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, tí a wá ká padà sórí ara rẹ̀ kí ènìyàn lè rí i gbé mọ́ àyà. Pẹlẹbẹ esùsú méjì tí a dì pọ̀ ni afọnfèrè ń fi sẹ́nu. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba àárín wọn kọjá ni ó ń di ohùn. Ohùn náà wà nísàlẹ̀, ó sì ki, bí ohùn àgbàlagbà tí ó ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. Nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá tí ó tó ọgọ́rin ènìyàn, àwọn tí ń fọn bàsúùnù kì í sábà ju mẹ́rin lọ, ẹ̀yìn àwọn onígòjé ni wọ́n sì ń jókòó sí. Ẹni tí ó wá wòran lè padà sílé kí ó má rántí pé òun rí wọn.

Síbẹ̀, ẹ wo bí àkọsílẹ̀ ìgbé ayé ọkùnrin yìí ṣe kún tó. A mọ̀ pé Royal College of Music ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, a sì mọ̀ pé Archie Camden ni ó kọ́ ọ ní bàsúùnù. A mọ̀ pé ó wà nínú London Symphony Orchestra láti ọdún 1958 títí di 1964, pé láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí BBC Symphony Orchestra, tí ó sì wà níbẹ̀ di 1982. A mọ̀ pé ó bá Melos Ensemble ṣeré, ẹgbẹ́ kékeré kan tí ó lókìkí, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe orin War Requiem ti Benjamin Britten ní Coventry ní ọdún 1962. A mọ̀ pé Gordon Jacob, tí ó kọ orin bàsúùnù fún Camden ní 1947, tún kọ òmíràn fún Waterhouse nígbà tí ó yá. Láti orí olùkọ́ dé orí akẹ́kọ̀ọ́, láti orí akẹ́kọ̀ọ́ dé orí ẹni tí ó kọ orin sílẹ̀, okùn náà kò já níbì kan.

Waterhouse nìkan kọ́. Ní ọdún 1926, Camden gba ohùn orin bàsúùnù tí Mozart kọ sílẹ̀ sínú àwo pẹ̀lú ẹgbẹ́ Hallé ti ìlú Manchester. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lónìí mọ èémí ẹni tí òun ń gbọ́. Nígbà tí Thomas Beecham dá Royal Philharmonic sílẹ̀ ní 1946, kò pẹ́ tí àwọn afọnfèrè mẹ́rin inú rẹ̀ fi di ìlú-mọ̀ọ́ká: Gerald Jackson, Terence MacDonagh, Jack Brymer àti Gwydion Brooke. Brooke ni ó ń fọn bàsúùnù. Àwọn ènìyàn fi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣàwàdà, wọ́n ń pè wọ́n ní ìdílé ọba. Beecham ni ó dúró níwájú, òun ni ó gbé ọ̀pá lọ́wọ́, òun ni àtẹ́wọ́ ń dún fún. Ṣùgbọ́n òkìkí ẹni tí ó wà níwájú kò gbé orúkọ ẹni tí ó wà lẹ́yìn mì.

Ohun tí Waterhouse tún ṣe ni ó wọ̀ mí lára jù. Ní ọdún 1993 ó gbé ìwé ńlá kan jáde, The New Langwill Index, èyí tí ó fi ṣe àtúnṣe àti àfikún iṣẹ́ Lyndesay Langwill, ọ̀gbẹ́ni oníṣirò owó kan ní Edinburgh tí ó fẹ́ràn bàsúùnù. Kí ni ó wà nínú ìwé náà? Orúkọ ni. Orúkọ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti alágbẹ̀dẹ tí ó ṣe fèrè láti ayé pípẹ́, ìlú tí wọ́n gbé, ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́, àmì tí wọ́n fi sára iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ń fọn fèrè ni ó jókòó, tí ó ń wá orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo ka ìwé náà, inú mi kò dùn tán. Mo bi ara mi léèrè pé ní ilé tiwa, ta ni ó gbẹ́ igi àdàmọ̀ tí wọ́n lù ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Ta ni ó sán awọ rẹ̀? Mo tún rẹ ìbéèrè náà sílẹ̀: ta ni ó lù ú? Ìdáhùn kò sí lọ́wọ́ mi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń ki òyìnbó. Mo mọ ohun tí wọ́n ṣe fún wa. Ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí ibi àfihàn ní Wembley ní ọdún 1924, tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti London sì fi àga ìtẹ́ pàṣípààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀gọ̀gà, iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ni. Ọ̀gbẹ́ni náà wà láàyè nígbà náà. Ọdún 1938 ni ó tó kú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń wo ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní Wembley kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Ó tó ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó máa fi orúkọ Ọlọ́wẹ̀ pe iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa bínú sí ìwà yìí, ìbínú wọn sì tọ́. Wọ́n sọ fún àgbáyé pé irọ́ ni pé ọnà ilẹ̀ Adúláwọ̀ kò ní olówó, pé ẹni tí ó gbẹ́ ère ní orúkọ, ó ní oríkì, ó sì ní ilé. Wọ́n jàre. Ìdí gan-an nìyí tí n kò fi lè dákẹ́. Ẹ̀sùn tí a fi kan òyìnbó lórí igi ni àwa fúnra wa ń dá lórí awọ. Bí ó bá burú kí àlejò kọ “a kò mọ ẹni tí ó ṣe é” sí ara ère, ṣé ó wá dára kí ọmọ onílé kọ ọ́ sí ara orin?

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí dé etí omi ní Ogun Waterside, kò sí àgbàlagbà tí a óò dárúkọ Haruna Ishola fún tí kò ní mi orí. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ó fi ṣe ilé. Ní ọdún 1948 ni ó ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ fún HMV, orúkọ Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó sì fi pe àwo náà. Ní 1969, òun àti I. K. Dairo dá Star Records sílẹ̀, kí akọrin lè jẹ èrè iṣẹ́ ara rẹ̀. Ní 1971, àwo rẹ̀ tí ó fi yẹ́ ẹgbẹ́ Òròkí Ṣọ́ṣà Kúlọ́ọ̀bù ti Òṣogbo sí jáde. Àwọn tí ń ka iye rẹ̀ ní ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí ó tà. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ní àkókò tí àwọn olórin gbà pé Èkó nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wà. Ìjọba àpapọ̀ fi oyè MON dá a lọ́lá ní 1981. Ó kọjá lọ ní 1983. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé ilẹ̀ Benin, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Sweden, Jámánì àti Ítálì.

Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ni mo wí. Orúkọ tí àwo ń gbé jáde náà nìyẹn: Haruna Ishola àti ẹgbẹ́ àpàlà rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “ẹgbẹ́ rẹ̀”, ni a sin odidi ilé ènìyàn sí. Bí Haruna ti ń jókòó kọrin, onílù àdàmọ̀ wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Àgídìgbo wà nílẹ̀, àkúbà wà níbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ń dáhùn, àwọn elégbè ń gbè é lẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òjìji. Ọkọ̀ tí ó gbé Haruna lọ sí òde ni ó gbé wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gun ọkọ̀ òfúrufú lọ sí ìlú òyìnbó, orúkọ oníkálukú wọn wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Aṣọ́bodè òkèèrè ka orúkọ wọn kí ó tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Àwa tí a jó sí ìlù wọn ni kò kà á.

N kò fi èyí bú Haruna. Òkú olóore ni, àṣà ìgbà rẹ̀ ni ó sì bá rìn. Gbogbo orin wa ni ó wà bẹ́ẹ̀, sákárà, jùjú, wákà àti fújì. Mo ní páálí àwo púpọ̀ nílé tí mo ti ń tọ́jú láti ìgbà èwe mi. Orúkọ akọrin wà lára wọn ní lẹ́tà ràgàjì, orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀, orúkọ ayàwòrán a máa wà níbẹ̀ nígbà mìíràn. Lórí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn onílù jókòó nínú àwòrán, wọ́n wọ ẹgbẹ́jọdá, wọ́n kọjú sí wa, a kò sì sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Èmi pàápàá kò mọ́ nínú ẹ̀sùn yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ìnáwó òkú kan ní Òkè-Sópẹ̀n, mo bá bàbá arúgbó kan jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Ó gbọ́ tí mo ń sọ̀rọ̀ àwo àpàlà àtijọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ló lu àgídìgbo nínú méjì lára àwọn tí mo dárúkọ. Ó na àwọn ìka rẹ̀ sí mi. Ó sọ fún mi bí a ti ń fa irin inú rẹ̀ gùn tàbí kí a tì í wọlé kí ohùn tó bá ohùn akọrin mu. Ó ní òru ni òun ń ṣe é, nítorí pé ọ̀sán ní ariwo. Ó fi òrùka tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan ẹsẹ̀ tábìlì, ko, ko-ko, ó ní bẹ́ẹ̀ ni a ti ń kan ẹ̀gbẹ́ àpótí náà kí onílù má baà sáré. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé góńgó. A jẹun tán, ilẹ̀ ṣú, mo lọ. Orí ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè ni mo wà kí n tó rántí pé “Bàbá” ni mo ń pè é láti àárọ̀. N kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ ní ọdún kejì, wọ́n ní ó ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti kó lọ sí ìdálẹ̀. Mo wà nínú àwọn ènìyàn tí mo ń bá wí yìí, mo sì fẹ́ kí òǹkàwé mi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ ohun mẹ́ta tí wọ́n máa ń sọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé àṣà wa ni. Wọ́n ní iṣẹ́ ọnà Yorùbá iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni, pé kíkọ orúkọ oníkálukú sára iṣẹ́ jẹ́ ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan tí òyìnbó kó wá. Ẹnu ọ̀mọ̀wé ni mo ti ń gbọ́ eléyìí jù, òun náà ni ó sì ń bí mi nínú jù. Ilẹ̀ wo ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ṣé ilẹ̀ yìí tí ọmọ ìdílé onílù fi ń jẹ́ Àyándélé, Àyánwálé, Àyánkúnlé, kí ayé lè mọ ilé tí ó ti jáde kí ó tó gbé ọ̀pá ìlù? Ṣé ilẹ̀ yìí tí ènìyàn kò ti lè kí ìyá ẹlẹ́kọ tán kí ó má fi oríkì orílẹ̀ rẹ̀ kún un? Bí ó bá jẹ́ àṣà ni kí a má dárúkọ, ó yẹ kí àwo àpàlà ṣófo. Kò ṣófo rárá. Orúkọ ni ó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: orúkọ oníṣòwò kòkó, orúkọ onímọ́tò, orúkọ kọńtírátọ̀, orúkọ ìyàwó wọn, orúkọ ọmọ wọn tí ó wà ní òkè òkun. Ẹni tí ó bá ní owó láti lẹ̀ mọ́ni níwájú orí ni orin dárúkọ. Ẹni tí ó ń lu ìlù tí a fi dárúkọ olówó ni a kò dárúkọ. Kí a má pe èyí ní àṣà. Owó ni ó yan orúkọ tí a ó kọ, a sì wá ń fi àgbádá àwọn baba ńlá wa bò ó lórí.

Ohun kejì ni pé ohùn ni orin. Ẹnu ni ó ń kọ ọ́, ọwọ́ kàn ń tẹ̀lé e ni. Ẹni tí ó bá sọ èyí kò tíì fetí sí àpàlà. Kí ó padà lọ gbọ́ ọ. Ìlù a máa pa òwe kí ẹnu tó pa á. Ẹ̀ẹ̀kan sì lè wà tí ó jẹ́ pé àdàmọ̀ ni ó ń rán akọrin létí ibi tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní ti àgídìgbo, òun ni ó wà nísàlẹ̀ tí gbogbo nǹkan dúró lé, gẹ́gẹ́ bí bàsúùnù ti wà nísàlẹ̀ àwọn fèrè yòókù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kì í gbọ́ ọ, àfi ọjọ́ tí kò bá sí níbẹ̀, tí orin wá dà bí ilé tí wọ́n yọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà mọ èyí. Wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ wò ó, àgídìgbo ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀, wọn kò fi ohùn akọrin ṣe é. A ń pa òwe yìí ní gbogbo ìpàdé, a ń gbóríyìn fún ọlọ́gbọ́n tí ó jó, a ń gbóríyìn fún ọ̀mọ̀ràn tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó lù ú ńkọ́?

Ohun kẹta ni pé kò ṣeé ṣe: páálí kéré, ènìyàn pọ̀, àwọn elégbè ń wá, wọ́n ń lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe nǹkan kì í wá ìdí tì. A ti ṣe é rí, lọ́wọ́ wa níhìn-ín. Ayinla Omowura ti Abẹ́òkúta, tí ó kú ní 1980, kò fi Adéwọlé Onílùọlá tí ó ń lùlù fún un pamọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi wà lẹ́nu wa títí di òní. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé King Sunny Adé mọ Ràsákì Aládòkun nídìí gángan. Nígbà tí Paul Simon ti Amẹ́ríkà gbé àwo Graceland jáde ní 1986, Démọ́lá Adépọ̀jù, tí ó ń ta gìtá onírin fún Sunny Adé, wà nínú orin tí a fi pe àwo náà, àwọn ará Amẹ́ríkà sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ọmọ wa ni, iṣẹ́ tiwa ni ó gbé lọ síbẹ̀. Páálí Amẹ́ríkà kò sì gbòòrò ju tiwa lọ.

Kò sì yẹ kí a rò pé ìfẹ́ nìkan ni ó mú kí orúkọ afọnbàsúùnù wà nílẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Ìjà ni. Ní ọdún 1893, ní Manchester, àwọn olórin tí ebi ń pa dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń fọn fèrè, Joseph Bevir Williams, ni ó ṣáájú wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bèèrè iye tí wọn óò san fún ìfidánrawò, iye tí wọn óò san fún ìgbohùnsílẹ̀, àti ẹni tí ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ní 1934 ni wọ́n dá PPL sílẹ̀, tí ó ń gba owó lórí àwo tí wọ́n bá lò ní gbangba. Nígbà tí ó yá, ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn náà ń rí ti ara rẹ̀ gbà nínú rẹ̀. Orúkọ tí a kọ sílẹ̀ ni a fi ń pín owó. Níbi tí a kò bá ti kọ orúkọ, ọ̀gá ni ó ń pín in bí ó bá ti wù ú, òṣìṣẹ́ á sì máa dọ̀bálẹ̀ gba ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Tony Allen, tí Fela fúnra rẹ̀ gbà pé láìsí òun kò sí Afrobeat, kò bá a dé òpin. Ní nǹkan bí 1979 ni ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó sì wà nínú ohun tí ó fà á. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, báwo ni yóò ti rí fún alágídìgbo Òkè-Sópẹ̀n?

Òfin kò sàì sí ní ilẹ̀ wa. Òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dá ẹ̀tọ́ òṣèré mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó ni àwo. Ṣùgbọ́n kí ni òfin fẹ́ ṣe fún ẹni tí kò sí àkọsílẹ̀ pé ó wà níbẹ̀? Ọmọ onílù tí ó bá lọ sí kóòtù, àwòrán bàbá rẹ̀ lórí páálí ni ó lè mú lọ, adájọ́ á sì bi í pé ta ni ó sọ pé bàbá rẹ nìyí. Ó sì tún ń burú sí i. Nígbà tí àwo wà, àwòrán wà, ará àdúgbò lè fi ìka tọ́ ọ. Lónìí tí orin ti kó sínú fóònù, àwòrán orí akọrin nìkan ni ó kù, tí ó kéré bí èékánná. Ẹ̀rọ yìí kan náà ní àyè tí a lè kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ṣiṣẹ́ sí. Àyè náà ṣófo nítorí pé àwọn tí ó ń gbé orin wa síbẹ̀ kò mọ ohun tí wọn óò kọ sínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi àwọn tí ó mọ̀.

Àwọn tí ó mọ̀ ń kú. Ọmọ ogún ọdún tí ó lu ìlù sí àwo ní 1971 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, bí ó bá wà láàyè. Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982, àárín ibẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó kò tó ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀. Ó ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ eré àti orin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ àròkọ àṣekágbá lọ́dọọdún. Púpọ̀ nínú wọn ń tún ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nínú ìwé kọ ni. Kí a rán wọn lọ sí Ojówó, Òkè-Sópẹ̀n, Òkè-Àgbò, Àtíkọ̀rì àti Jàpàrà. Kí wọ́n gbé àwo lọ́wọ́, kí wọ́n lu orin náà fún àwọn àgbà gbọ́, kí wọ́n sì bi wọ́n pé ta ni èyí, ta ni ìyẹn, ta ni ó kọ́ ọ, ta ni ó gbẹ́ ìlù rẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ, orúkọ bàbá, àdúgbò, ohun èlò àti nọ́ńbà àwo. Iṣẹ́ tí Langwill àti Waterhouse ṣe fún fèrè òyìnbó náà nìyẹn, kò sì gbà ju ìwé, gègé àti sùúrù lọ. Kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí ó bá ti dárúkọ akọrin fi orúkọ onílù kan tì í. Kí akọrin ìwòyí tí ó fẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ òun kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn tí ó jókòó tì í.

Àwọn kan á sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mo ń fẹ̀ lójú, nígbà tí oúnjẹ wọ́n, tí iná kò sí. N kò gbà. Ìlú tí kò bá ka ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kún kò ní kà á kún ní oko, kò ní kà á kún ní ọ́fíìsì, kò sì ní kà á kún ní ọjọ́ tí ó bá ń pín owó. Ibi tí a ti kọ́ ìwà náà ni ojú agbo. Ibẹ̀ ni ọmọ kékeré ti rí i pé ẹni tí ó gba gbohùngbohùn ni ènìyàn, àwọn yòókù jẹ́ “ẹgbẹ́ rẹ̀”.

Onílù ni ó ń kí wa nígbà tí a bá ń wọlé òde. Ó mọ bàbá wa, ó mọ ìyá wa, ó mọ ilé tí a ti wá, ó ń fi awọ sọ ọ́ títí inú wa fi ń dùn tí a fi ń tọwọ́ bọ àpò. Nígbà mìíràn tí ó bá pè ẹ́ lórúkọ ní òde, fún un lówó rẹ̀, kí o sì dúró díẹ̀ kí o bèèrè tirẹ̀. Mo kọ èyí sílẹ̀ fún bàbá kan tí ó fi òrùka kan ẹsẹ̀ tábìlì fún mi ní Òkè-Sópẹ̀n. Ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà níhìn-ín. Èmi ni n kò bèèrè.